Ẹ̀rọ ìwọn lílù ọkàn nínú eré motocross

Ẹ̀rọ ìwọn lílù ọkàn jẹ́ ẹ̀rọ kékeré tí ènìyàn máa ń so mọ́ àyà, apá tàbí ọrùn ọwọ́ láti fi mọ iye ìgbà tí ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Motocross jẹ́ eré ìje alùpùpù lórí ilẹ̀ gbágungbàgun tó kún fún òkè, kòtò, yanrìn àti ẹrọ̀fọ̀. Àwọn tó ń díje nínú rẹ̀ àti àwọn olùkọ́ni wọn máa ń lo ẹ̀rọ yìí láti mọ bí ìgbáradì ṣe le tó, àti láti mọ̀ bóyá ara ti sinmi tó kí ó tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Iye tí ẹ̀rọ náà ń fi hàn nígbà tí ènìyàn wà lórí alùpùpù kò ní ìtumọ̀ kan náà pẹ̀lú iye tí yóò fi hàn lára ẹni tó ń fẹsẹ̀ sáré. Ọkàn ẹni tó ń gun alùpùpù lè lù ní ìgbà 180 ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí ara rẹ̀ kò lo ọ́ksíjìn tó bí ẹni tó ń sáré tí ọkàn tirẹ̀ náà ń lù ní ìgbà 180. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí lè ṣi ìgbáradì rẹ̀ ṣe, ó sì lè fojú fo àmì àìsàn.

Ọ̀rọ̀ náà nínú èdè Yorùbá

Nínú èdè Yorùbá, ọkàn ni ẹ̀yà ara tí ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri, òun náà ni wọ́n sì ń pè ní ibùgbé èrò àti ìfẹ́ ènìyàn. Àmọ́ nígbà tí ó bá di ọ̀rọ̀ ẹ̀rù àti akin, àyà ni èdè máa ń dárúkọ jù. Ẹni tí ẹ̀rù bà lójijì ni wọ́n ń sọ pé ó jáyà, ìyẹn ni pé àyà rẹ̀ já; ẹni tí kò bẹ̀rù ni wọ́n ń sọ pé ó láyà. Bí ènìyàn bá sọ pé àyà òun ń lù kìkì, ẹni tó gbọ́ kò lè mọ̀ bóyá eré ló sá ni, tàbí ejò ló rí. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí pẹ̀lú ẹ̀rọ tí àpilẹ̀kọ yìí ń sọ nípa rẹ̀: ó ń ka ìlù, kò mọ ohun tó fa ìlù.

Ìtàn

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20 ni Willem Einthoven, onímọ̀ ìṣègùn ní Nẹ́dálándì, ṣe ẹ̀rọ tó lè ya àwòrán iná mànàmáná inú ọkàn dáadáa. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ yẹ̀ wò gbọ́dọ̀ jókòó kí ó sì ki ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ kan bọ inú garawa omi iyọ̀. Einthoven gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1924 nítorí iṣẹ́ yìí. Ní ìparí àwọn ọdún 1940, Norman Holter ní Amẹ́ríkà ṣe irú èyí tí ènìyàn lè gbé rìn, ṣùgbọ́n ẹrù tó wúwo tó nǹkan bíi 38 kìlógíráàmù ni ẹni náà gbọ́dọ̀ pọ̀n sẹ́yìn.

Ilẹ̀ Fínlándì ni ohun èlò náà ti di ti eléré ìdárayá. Seppo Säynäjäkangas, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Oulu, dá ilé-iṣẹ́ Polar Electro sílẹ̀ ní 1977. Ohun tí ó ń wá ni ọ̀nà tí àwọn tó ń fi síkì sáré lórí yìnyín yóò fi lè mọ bí ọkàn wọn ṣe ń lù láìdúró. Ní 1982 ni ilé-iṣẹ́ náà gbé PE2000 jáde, èyí tí ọ̀já àyà rẹ̀ ń fi iye náà ránṣẹ́ sí aago ọwọ́ láìsí wáyà.

Motocross fúnra rẹ̀ ti wà ṣáájú èyí. Ní 1924 ni wọ́n ṣe ìje kan ní Camberley, ní ẹkùn Surrey nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òun ni orísun eré náà. Ìdíje àgbáyé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1957 lábẹ́ àjọ FIM. Ní Áfríkà, àwọn orílẹ̀-èdè bíi Gúúsù Áfríkà, Sáḿbíà, Sìmbábúè, Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà ni eré náà ti gbilẹ̀ jù, wọ́n sì máa ń pàdé nínú ìdíje Motocross of African Nations.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Ti àkọ́kọ́ ni ọ̀já àyà. Kí ọkàn tó lù, iná mànàmáná díẹ̀ máa ń kọ́kọ́ gba inú rẹ̀ kọjá, èyí ló sì ń mú kí ó sún kì kí ó lè ti ẹ̀jẹ̀ jáde. Iná yìí máa ń dé orí awọ ara, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lágbára rárá. Ojú méjì tó wà lára ọ̀já náà ni yóò gbà á, ẹ̀rọ yóò sì wọn àkókò tó wà láàárín ìlù kan àti èkejì. Awọ gbígbẹ kì í jẹ́ kí iná kọjá dáadáa, ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń fi omi tàbí itọ́ pa ojú ọ̀já náà kí wọ́n tó dè é. Òógùn ni yóò máa bá iṣẹ́ náà lọ lẹ́yìn ìgbà náà. Abẹ́ ọmú ni ààyè rẹ̀. Nínú motocross, aṣọ ààbò líle tí wọ́n ń wọ̀ sí àyà lè tì í kúrò ní ààyè nígbà tí alùpùpù bá fò tí ó sì balẹ̀, nítorí náà àwọn tó mọ̀ ọ́n lò máa ń dè é le ju bí ẹni tó ń sáré yóò ṣe dè é lọ.

Àwọn ọ̀já ìgbà ìṣáájú ní àléébù mìíràn. Ìgbì rédíò tí wọ́n fi ń bá aago sọ̀rọ̀ kò lágbára, iná tí púlọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì ń tàn sì lè dà á rú, débi pé aago yóò kàn máa fi iye tí kò bọ́gbọ́n mu hàn. Bluetooth àti ANT+ tí wọ́n ń lò lóde òní ti dín ìṣòro yìí kù gan-an.

Oríṣi kejì ń lo ìmọ́lẹ̀. Ó ń tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé sí awọ ara, ẹ̀jẹ̀ sì máa ń gbé irú ìmọ́lẹ̀ yìí mì. Nígbàkúùgbà tí ọkàn bá lù, ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ yóò pọ̀ sí i díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó padà sí ẹ̀rọ yóò dín kù, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń ka ìlù. Irú èyí ló wà lábẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ aago ọwọ́ tí àwọn ènìyàn ń rà ní ọjà báyìí. Ó dára fún ẹni tó jókòó, tó sùn tàbí tó ń rìn. Lórí alùpùpù, kò ṣeé gbára lé. Ẹni tó ń gun alùpùpù ń fi gbogbo agbára di ọwọ́ alùpùpù mú, iṣan ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ń yí lábẹ́ aago, alùpùpù pàápàá ń gbọ̀n. Ẹ̀rọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìgbọ̀nrìrì ilẹ̀ bí ẹni pé ọkàn ló ń lù. Bí ó bá jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ ni ènìyàn fẹ́ lò dandan, èyí tí wọ́n ń dè sí òkè apá, lókè ìgúnpá, sàn jù.

Ìbéèrè kan tí ó kan àwọn aláwọ̀ dúdú ni bóyá awọ dúdú kì í jẹ́ kí irú ẹ̀rọ oní-ìmọ́lẹ̀ yìí ríran dáadáa, nítorí pé mẹ́lánìn inú awọ náà máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé mì. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà yẹ èyí wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2020: wọn kò rí ìyàtọ̀ gbòógì láàárín àwọ̀ ara kan àti èkejì nínú àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n àṣìṣe pọ̀ sí i nígbà tí ara bá ń ṣiṣẹ́ ju ìgbà tí ó bá wà ní ìsinmi lọ. Ó dára kí wọ́n má ṣe da èyí pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ tí àwọn nọ́ọ̀sì máa ń há mọ́ ìka láti fi wọn ọ́ksíjìn inú ẹ̀jẹ̀. Nípa ti èyí, ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2020 láti ọ̀dọ̀ àwọn dókítà ní Michigan fi hàn pé àìtó ọ́ksíjìn máa ń pamọ́ fún ẹ̀rọ náà lára àwọn aláwọ̀ dúdú ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn aláwọ̀ funfun.

Ìdí tí ọkàn fi ń yára tó bẹ́ẹ̀

Ẹni tí kò gun alùpùpù rí lè rò pé ẹ́ńjìnnì ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Nínú ìdíje àgbáyé MXGP, ìje kan máa ń gba 30 ìṣẹ́jú, wọ́n á sì tún fi yíyí pápá ká lẹ́ẹ̀méjì lé e. Irú ìje bẹ́ẹ̀ méjì ni wọ́n ń sá ní ọjọ́ kan. Alùpùpù náà wúwo tó 100 kìlógíráàmù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, orí ìdúró sì ni ẹni tó ń gùn ún máa ń wà jù, orúnkún rẹ̀ àti ìgúnpá rẹ̀ ni ó fi ń gba gbogbo ìgbọ̀nrìrì.

Àwọn olùwádìí Yunifásítì Jyväskylä ní Fínlándì wọn èyí lára àwọn tó ń díje, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2008. Fún 30 ìṣẹ́jú tí wọ́n fi gun alùpùpù, ọkàn àwọn ènìyàn náà ń lù ní nǹkan bí ìdá 95 nínú 100 iye tó ga jù tí ọkàn wọn lè dé. Ohun tó yani lẹ́nu ni ti ọ́ksíjìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ́ksíjìn tí wọ́n ń lò jẹ́ nǹkan bí ìdá 86 nínú 100 èyí tó pọ̀ jù tí ara wọn lè lò. Nígbà tí ó fi máa parí, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 69. Ọkàn dúró sókè, ọ́ksíjìn ń relẹ̀. Lára ẹni tó ń fẹsẹ̀ sáré, àwọn méjèèjì máa ń gòkè pọ̀, wọ́n sì máa ń sọ̀ kalẹ̀ pọ̀. Ìdí nìyí tí olùkọ́ni eré sísá fi lè wo aago kí ó sì mọ bí iṣẹ́ ṣe le tó.

Ọwọ́ ló kọ́kọ́ fà á. Nígbà tí ènìyàn bá di nǹkan mú ṣinṣin láìjẹ́ kí oríkèé rẹ̀ yí, ẹran apá náà yóò le, yóò sì fún iṣan ẹ̀jẹ̀ tó gba inú rẹ̀ kọjá pa. Ẹran náà kò rí ẹ̀jẹ̀ tó, ó sì ń ké sí ọpọlọ, ọpọlọ yóò sì pàṣẹ kí ọkàn yára kí ẹ̀jẹ̀ sì ru. Ẹnikẹ́ni lè dán èyí wò: kí ó fún bọ́ọ̀lù kékeré mọ́ ọwọ́ fún ìṣẹ́jú méjì lórí àga, kí ó sì ka bí ọkàn òun ṣe ń lù. Nínú ìje, bí ìdìmú yìí bá pọ̀ jù, apá iwájú á le gbagidi, ìka kò ní lè tẹ bíréèkì tàbí kílọ́ọ̀ṣì mọ́. Àwọn tó ń díje bẹ̀rù èyí ju àárẹ̀ lọ.

Ẹ̀rù náà ń ṣe tirẹ̀. Nígbà tí 40 alùpùpù bá tò sẹ́yìn irin tí wọ́n ń bì lulẹ̀ kí ìje tó bẹ̀rẹ̀, ọkàn ti ń sáré kí táyà kankan tó yí, nítorí pé adrẹnalínì ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ó ń rí bẹ́ẹ̀ lórí gbogbo òkè tí alùpùpù yóò fò kúrò. Ooru ni ó kù. Akoto, bàtà gígùn, aṣọ ààbò àti ìbọ̀wọ́ kì í jẹ́ kí ara tú ooru sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ sí awọ láti tu ara lára, òógùn sì ń dín omi inú ẹ̀jẹ̀ kù, nítorí náà ọkàn ní láti lù lọ́pọ̀ ìgbà sí i láti ṣe iye iṣẹ́ kan náà. Bí ìje bá ṣe ń pẹ́ sí i ni èyí ń gòkè sí i, kódà bí ẹni náà kò bá fi eré kún eré.

Lílò rẹ̀ fún ìgbáradì

Nítorí àwọn ohun wọ̀nyí, ibi tí ẹ̀rọ náà ti wúlò jù ni ibi tí alùpùpù kò sí. Kẹ̀kẹ́ ológere àti eré sísá ni àwọn tó ń díje fi máa ń kọ́ ọkàn wọn ní agbára, lórí ìwọ̀nyí sì ni iye orí aago ti ń sọ òtítọ́. Ìlànà tó wọ́pọ̀ jù láti mọ iye tó ga jù tí ọkàn lè dé ni pé kí wọ́n yọ ọjọ́ orí kúrò nínú 220. Fún ẹni ọdún 25, ó jẹ́ 195. Ìlànà mìíràn tó jáde ní 2001 sọ pé kí wọ́n yọ ìdá 7 nínú 10 ọjọ́ orí kúrò nínú 208. Fún ẹni kan náà, ó jẹ́ nǹkan bíi 190. Ìṣirò lásán ni méjèèjì, ọkàn ẹnìkan lè yàtọ̀ sí i pẹ̀lú ìlù 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Martti Karvonen, ọmọ Fínlándì mìíràn, ló mú ìlànà tó fi ìsinmi kún un wá ní 1957. Bí ọkàn ẹni ọdún 25 náà bá ń lù ní ìgbà 60 nígbà ìsinmi, ìyàtọ̀ láàárín 60 àti 195 jẹ́ 135. Ìdá 70 nínú 100 èyí jẹ́ nǹkan bíi 95. Bí wọ́n bá fi 60 kún un, ó di 155. Yíká iye yìí ni ó yẹ kí ọkàn rẹ̀ wà bí ó bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí kan láti kọ́ ìfaradà.

Lórí alùpùpù, ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni kí wọ́n gba àkọsílẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n sì wò ó lẹ́yìn ìgbà náà, kí wọ́n má ṣe máa wo aago nígbà tí wọ́n ń gùn ún lọ. Àfiwé ló wúlò níbẹ̀: pápá kan náà, àkókò kan náà fún yíyí ká, ṣé ọkàn lù kéré ju ti oṣù tó kọjá lọ? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ pé agbára ti pọ̀ sí i, ó sì lè jẹ́ pé ọwọ́ ti kọ́ láti má ṣe di alùpùpù mú jù. Ohun rere ni méjèèjì. Bí ọkàn ṣe ń wálẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ náà ṣe pàtàkì. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lára àwọn aláìsàn ní Amẹ́ríkà tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1999 fi hàn pé àwọn tí ìlù ọkàn wọn kò fi ju 12 lọ wálẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ ni ó ṣeé ṣe jù kí wọ́n kú láàárín ọdún mélòó kan tó tẹ̀ lé e.

Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà

Ní agbègbè Òmù-Àrán àti Ẹ̀sìẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Kwárà, iṣẹ́ ni gígun alùpùpù lórí ilẹ̀ gbágungbàgun jẹ́ kí ó tó jẹ́ eré. Ọ̀kadà ni wọ́n ń pe alùpùpù akérò níbẹ̀ bíi ti gbogbo Nàìjíríà, orúkọ tó ti ara ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air wá. Ọ̀kadà ló ń gbé àgbẹ̀ àti iṣu rẹ̀ láti oko, òun ló sì ń gbé àlejò tó fẹ́ lọ wo àwọn ère òkúta ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyésí Ẹ̀sìẹ́, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945, tó sì jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ pupa ni púpọ̀ nínú ọ̀nà oko. Ó ń le bí ibi pẹlẹbẹ orí àpáta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì ń yọ̀ nígbà òjò. Ẹni tó gbé èrò méjì àti àpò iṣu gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ń di ọwọ́ alùpùpù mú bí eléré motocross ṣe ń ṣe, ó ń gba ìgbọ̀nrìrì kan náà, ooru oṣù Ẹrẹ́nà sì ń mú un. Ìyàtọ̀ ni pé tirẹ̀ kì í ṣe 30 ìṣẹ́jú. Láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ ni.

Kò pọn dandan kí ènìyàn ra ẹ̀rọ kí ó tó lè wọn lílù ọkàn rẹ̀. Kí ó fi ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín lé inú ọrùn ọwọ́ kejì, ní ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò, títí tí yóò fi gbọ́ ìlù náà. Kí ó má ṣe lo àtàǹpàkò, nítorí pé òun náà ní ìlù tirẹ̀. Kí ó ka ìlù fún 15 ìṣẹ́jú-àáyá lórí aago fóònù, kí ó sì fi 4 sọ ọ́ di púpọ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́, kí ó kà á lójú ẹsẹ̀ tí ó bá dúró, nítorí pé ọkàn kì í pẹ́ wálẹ̀.

Èyí tó wúlò jù ni ti òwúrọ̀, kí ènìyàn tó dìde lórí ibùsùn. Ọkàn àgbàlagbà tó sinmi sábà máa ń lù ní ìgbà 60 sí 100. Ti eléré ìdárayá lè wálẹ̀ sí 50 tàbí kí ó tún kéré sí i. Ẹni tó bá ń kọ iye yìí sílẹ̀ lójoojúmọ́ yóò mọ iye tirẹ̀. Bí ó bá wá jí ní ọjọ́ kan tí ó fi ìlù 10 ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ara ń sọ nǹkan: ó lè jẹ́ pé kò tíì sinmi tó, omi lè ti gbẹ lára rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ibà. Bí ìgbóná ara bá fi dígíríì Sẹ́lṣíọ́ọ̀sì kan gòkè, ọkàn sábà máa ń fi nǹkan bí ìlù 10 yára sí i. Ní agbègbè tí ẹ̀fọn àti ibà wọ́pọ̀ bíi ti Ìgbómìnà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀ ń béèrè, kì í ṣe ìgbáradì.

Ohun tí ẹ̀rọ náà kò lè sọ

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi atẹnólọ́ọ̀lù máa ń dá ọkàn dúró kí ó má yára. Fún ẹni tó ń lò ó, ìlànà 220 kò wúlò mọ́. Ó lè ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu nígbà tí aago ṣì ń fi 120 hàn. Trámádọ́ọ̀lù tí àwọn ọlọ́kadà kan máa ń lò láti fara da iṣẹ́ ń ṣe ohun mìíràn. Ó ń pa ìrora àti àárẹ̀ mọ́ra, ó lè mú kí ọkàn sáré, ó sì lè fa gìrì. Ẹni tó lò ó kì í gbọ́ ohun tí ara ń sọ mọ́.

Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ọmọ Nàìjíríà ló ní ẹ̀jẹ̀ AS. Wọn kò ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, ọ̀pọ̀ wọn sì ń ṣeré ìdárayá láìsí ìṣòro kankan. Síbẹ̀, láàárín àwọn ọmọ ogun àti àwọn eléré ìdárayá ní Amẹ́ríkà, àkọsílẹ̀ wà nípa àwọn alẹ́jẹ̀-AS tó ṣubú lulẹ̀ tí wọ́n sì kú nígbà tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ àṣekára nínú ooru. Kò sí iye kan lórí aago tó ń kìlọ̀ fún èyí. Ohun tí wọ́n ń gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ nímọ̀ràn ni kí ó máa mu omi dáadáa, kí ó fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí ó sì dúró lójú ẹsẹ̀ tí ẹsẹ̀ tàbí ẹ̀yìn bá ń ro ó lọ́nà tí kò rí bẹ́ẹ̀ rí.

Bákan náà, ẹ̀rọ orí àyà tàbí ọrùn ọwọ́ ń ka iye ìlù ni; púpọ̀ nínú wọn kì í wo bí ìlù náà ṣe rí. Ẹni tó bá dákú nígbà tí ó ń ṣeré, tàbí tí àyà ń dùn ún bí ó bá ń gun òkè, nílò àyẹ̀wò ECG ní ilé ìwòsàn, irú èyí tí Einthoven fi garawa omi iyọ̀ bẹ̀rẹ̀, kódà bí gbogbo iye orí aago rẹ̀ bá dára.